Ẹlẹ́rìí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣọ́: Àwọn Ayàwòrán Dọ́lífìnì ní Etí Òkun àti Ìbéèrè Ìmọ̀

Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi ẹni tí ó mú un wá ni pé, "Ṣé ó ṣojú rẹ?" Bí onítọ̀hún bá dáhùn pé ó ṣojú òun kòró, ọ̀rọ̀ di ìmọ̀. Bí ó bá ní àwọn kan ni ó sọ fún òun, a lè gbà á, a sì lè má gbà á, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ni a óò máa pè é títí ojú mìíràn yóò fi kín in lẹ́yìn. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé ìyàtọ̀ yìí yẹ̀wò nínú ìwé wọn, Knowledge, Belief and Witchcraft, tí ó jáde ní ọdún 1986 lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pípẹ́ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn. Wọ́n fi hàn pé ohun tí Yorùbá ń pè ní ìmọ̀ ní ààlà tí ó há ju ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kà nínú ìwé, tí ó sì ní òun mọ̀, Yorùbá tí ó bá ń fi ìṣọ́ra sọ̀rọ̀ yóò ní òun gbà á gbọ́ ni.

A fẹ́ gbé ìyàtọ̀ yìí lọ sí etí òkun kan tí ó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún ti ń dúró nínú afẹ́fẹ́ tútù pẹ̀lú kámẹ́rà, tí wọ́n ń ya àwòrán ẹranko inú omi fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè wa kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ó ń sọ ojú ẹni tí kò sí lábẹ́ àṣẹ, tí kò gba owó, tí kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, di ojú tí a lè gbára lé? Ó lè dà bí ìbéèrè kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ ọmọ níwèé rí ni ó mọ̀ pé ìba díẹ̀ ni ohun tí àwa fúnra wa fi ojú rí nínú ohun tí a ń kọ́ wọn. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ti gba èyí tí ó pọ̀ jù.

Ibi tí a ń sọ ni Moray Firth, apá òkun ńlá kan tí ó wọ inú ilẹ̀ ní àríwá-ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Yípo ọdún ni dọ́lífìnì ń gbé ibẹ̀. Ẹranko yìí fi ara jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja: ó ń mí afẹ́fẹ́ bí a ti ń mí in, ó ń bí ọmọ, ó sì ń fún un lọ́mú. (A kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún un nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn apẹja etíkun tí ń bá a pàdé lójú omi ni ó ni ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ. Akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.) Nítorí pé dandan ni kí ó jáde wá mí, kò lè fi ara pamọ́ pátápátá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò yọ sókè, lẹbẹ tí ó wà lórí ẹ̀yìn náà yóò sì la omi kọjá. Ní Chanonry Point, láàárín Fortrose àti Rosemarkie, ilẹ̀ tínrín kan yọ sínú òkun bí ahọ́n, ó dojú kọ odi àwọn ológun tí a ń pè ní Fort George ní òdì kejì, omi tí ó wà láàárín wọn sì há. Bí omi òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ìṣàn rẹ̀ á le, ẹja sámọ́nì tí ń padà sínú odò á gba ibẹ̀ kọjá, àwọn dọ́lífìnì á sì wá dènà dè wọ́n. Wọ́n máa ń súnmọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró lórí òkúta wẹ́wẹ́ etí omi yóò gbọ́ èémí wọn. Ìdí nìyí tí àwọn oníkámẹ́rà kì í fi í tán níbẹ̀ nígbà ooru.

Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní ìlú kékeré Cromarty, ni ibùdó ìwádìí Yunifásítì Aberdeen wà. Láti ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì St Andrews, ti ń ya àwòrán lẹbẹ ẹ̀yìn àwọn dọ́lífìnì wọ̀nyí, tí wọ́n sì ń tò wọ́n sínú ìwé àkójọ kan. Etí lẹbẹ náà tínrín. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, eyín ẹlẹgbẹ́, okùn àwọ̀n tàbí irin ọkọ̀ ojú omi á gé e níhìn-ín, á ya á lọ́hùn-ún, ibi tí ó gé náà kì í sì í padà hù. Kò sí méjì tí gígé wọn bára mu. Ẹni tí ó bá ti fi ojú sí i fún ọdún mélòó kan lè wo àwòrán kan kí ó sì sọ ẹni tí ó ni lẹbẹ náà lójú ẹsẹ̀, bí a ti ń mọ ẹ̀yìn aládùúgbò wa lójú pópó.

Ó ṣòro fún Yorùbá láti gbọ́ èyí kí ó má rántí ilà ojú. Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ ni a fi ń dá ènìyàn mọ̀ láyé àtijọ́, kódà ní ilẹ̀ àjèjì tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fò dá. Ẹbí ni ó ń kọ ilà fún ọmọ kí ọmọ lè jẹ́ tiwọn. Olóòlà mọ ohun tí òun ń kọ. Ilà ara dọ́lífìnì kò ní olóòlà. Ohun tí ayé ti fi ojú rẹ̀ rí ni a fi ń dá a mọ̀. Ọmọ tí ayé kò tí ì ṣe nǹkan kan fún, tí lẹbẹ rẹ̀ ń dán gbinrin, ṣòro láti kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá tí ó ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n títí ìyà tirẹ̀ yóò fi dé. Ohun kan wà nínú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa ni onímọ̀ lára díẹ̀. Ọgbẹ́ ẹlòmíràn ni ìwé tí ó ń kà.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Skọ́tlándì. Ní àwọn ọdún 1970, Bernd Würsig àti Melany Würsig ń wo àwọn dọ́lífìnì láti etíkun Ajẹntínà, wọ́n ń ya àwòrán lẹbẹ wọn, wọ́n sì fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 1977 pé a lè fi àwòrán mọ iye àwọn tí ó wà nínú agbo kan àti ẹni tí ó ń bá ẹni rìn. Ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà ni pé kí a mú ẹranko náà, kí a fi àmì sí i lára, kí a tó tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ya àwòrán kò fọwọ́ kan nǹkan. Ẹranko náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ka òun.

Iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú oníwádìí kò tó. Ọkọ̀ àwọn oníwádìí kò lè wà níbi gbogbo lójoojúmọ́. Owó epo ń bẹ, ìjì ń bẹ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n kò sí abúlé etíkun kan tí ènìyàn kò gbé. Ètò tí Yunifásítì St Andrews pè ní Citizen Fins ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n fi àwòrán dọ́lífìnì tí wọ́n bá yà ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́ kò rọrùn: àwòrán tí ó wù ú kọ́ ni a ń fẹ́. Dọ́lífìnì tí ó fò sókè, tí omi ń kán lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí oòrùn sì mọ́ sí ikùn rẹ̀, ni gbogbo ènìyàn ń gbé kọ́ ara ògiri. Kò wúlò púpọ̀. Èyí tí ó wúlò ni èyí tí àlejò kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì: lẹbẹ dúdú kan lórí omi aláwọ̀ eérú, tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, tí gígé etí rẹ̀ hàn kedere. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a ya ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kí a má sì ṣa àwọn tí àpá wọn pọ̀ yà nínú agbo. Gbogbo èyí tí ó bá kọjá ni kí a yà, àti èyí tí ara rẹ̀ ń dán, nítorí pé bí a bá fi ojúsàájú yà wọ́n, iye tí a óò rò pé ó wà nínú òkun yóò ṣìnà. Kí ìmọ̀ tó wọlé, ohun tí ó wu ojú ti ní láti yẹ̀ fún un lọ́nà.

Kí ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ kí a rí? Ìṣirò kan ní àwọn ọdún 1990 fi iye àwọn dọ́lífìnì náà sí 129. Ìṣirò ti ọdún 2006 fi wọ́n sí 195. Lónìí, wọ́n lé ní 200. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni tò wọ́n kà. Bí a bá ya àwòrán lónìí, tí a tún yà lọ́jọ́ mìíràn, iye àwọn tí a ti rí tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ni ó ń sọ bí gbogbo wọn ti pọ̀ tó. Àwòrán náà ni ó fi hàn pé wọn kì í ṣe ẹranko ojú kan. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni a ti ń rí àwọn tí a mọ̀ ní Moray Firth ní ìsàlẹ̀ odò Tay, lápá gúúsù. Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n ti dé etíkun àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn, abo tí a sọ ní Spirtle, há sórí ilẹ̀ ní ọdún 2016 nígbà tí omi fà sẹ́yìn, oòrùn sì jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi bó. A dá a padà sínú omi pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé kò ní pẹ́ kú. Ní ọdún 2019, a yà á ní àwòrán ní etíkun Írẹ́lándì, àpá iná oòrùn náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ojú kan rí i ní ìhín, ojú mìíràn rí i ní ọ̀hún, ìwé àkójọ sì so ojú méjèèjì pọ̀.

Etí òkun yìí kan náà ti kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun tí wọn kò wá kọ́. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn dọ́lífìnì yìí ni ó ń pa ìbátan wọn kékeré tí a ń pè ní pọ́pọ́ìsì. A rí òkú wọn létí omi, egungun ìhà wọn fọ́, ojú eyín dọ́lífìnì wà lára wọn, a kò sì jẹ wọ́n. Ní ọdún 1998, ẹ̀rí jáde pé wọ́n a máa pa ọmọ irú ara wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó wá sí etí òkun nítorí pé dọ́lífìnì ń rẹ́rìn-ín sí i (bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rín kọ́, bí a ti dá ẹnu rẹ̀ nìyẹn) yóò fẹ́ gbójú kúrò nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbójú kúrò. Ìfẹ́ tí a ní sí ẹranko kan lè sọ wá di ẹlẹ́rìí èké bí ìkórìíra ti lè sọ wá dà á, ó sì ṣòro láti mọ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń purọ́ nítorí ìfẹ́ a máa rò pé oore ni òun ń ṣe.

Wàyí o, ẹnìkan lè sọ pé kámẹ́rà ti yanjú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: oníwádìí fi ojú ara rẹ̀ wo lẹbẹ nínú àwòrán, nítorí náà ó ṣojú rẹ̀, ìmọ̀ sì ni. Èrò yìí kò lè dúró. Àwòrán ni ó ṣojú oníwádìí. Dọ́lífìnì kò ṣojú rẹ̀. Àwòrán omi kò ní òpópónà, kò ní pátákó orúkọ ìlú. Bí ẹni tí ó yà á kò bá sọ ibi tí ó dúró sí, omi kan ni gbogbo òkun. Aago inú kámẹ́rà ń sọ ohun tí ẹni tí ó tò ó ní kí ó sọ. Ẹni tí ó ya àwòrán ní oṣù Karùn-ún tí ó kọ oṣù Keje sí i lára ti gbé ẹranko kan kúrò ní àyè rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó gba àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó sì fi ránṣẹ́ bí ẹni pé òun ni ó yà á, kò tilẹ̀ lè dáhùn bí a bá bi í ní ìbéèrè kejì.

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà, ìgbàgbọ́, sí wẹ́wẹ́, gbà àti gbọ́ ni a óò bá nínú rẹ̀. A gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn sọ, a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nípa òṣùwọ̀n tiwa, èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí irú ìwé àkójọ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún oníwádìí jẹ́ ìgbàgbọ́. A kò sọ èyí láti bù ú kù. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹrù rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ bí a ti rò. Orí ènìyàn ni ó wà. Nínú ìwé mìíràn tí Hallen tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìwà ti lọ́ mọ́ ara wọn nínú èdè Yorùbá: bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n tí a ó fi gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan, ìwà onítọ̀hún ni a ń wò. Àwọn kan lè kà á sí àṣà àwọn tí kò ní ìwé. A kò rí bí sáyẹ́ǹsì ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ó ti hàn jù lọ ni ibi tí kò sí àwòrán rárá. Ẹgbẹ́ Whale and Dolphin Conservation ní ètò kan ní Skọ́tlándì tí ó ń jẹ́ Shorewatch. Olùyọ̀ǹda á dúró sí ojú kan ní etí òkun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á fi ojú àti awò tí ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ tọ omi láti òsì dé ọ̀tún, á sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó ṣófo yìí níye lórí bí èyí tí dọ́lífìnì mẹ́wàá kọjá nínú rẹ̀, nítorí pé bí a kò bá mọ ibi tí wọn kò sí àti ìgbà tí wọn kò sí, a kò lè sọ ibi tí wọ́n wà. Ẹni tí ó ń kọ kìkì ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ yóò sọ òkun di ibi tí ẹranko kún bámúbámú, àwọn tí ó sì fẹ́ kọ́ èbúté tàbí tí ó fẹ́ ri irin mọ́lẹ̀ nínú omi yóò ṣe ìpinnu lórí àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀ sí apá kan.

Kò sí kámẹ́rà tí ó lè ya àìsí. Àwòrán omi lásán kò lè jẹ́rìí pé ẹnìkan wo omi náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ pé fóònù ni ó ń tẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òjò lé e wọ inú ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú kẹta tí ó sì kọ mẹ́wàá. Ó sì lè jẹ́ pé kò wá rárá. Ó jókòó sílé, ó wo ojú ọjọ́ láti fèrèsé, ó sì kọ òdo, nítorí pé òdo ni ó rò pé òun ìbá rí. Òdo tí a rí àti òdo tí a rò kò yàtọ̀ lórí ìwé. Inú ọkàn ẹni tí ó kọ wọ́n nìkan ni ìyàtọ̀ wọn wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí, èkejì sì jẹ́ irọ́.

Àwọn kan yóò ní a ń gbé ọ̀rọ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ, pé ìgbádùn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ ń tó òkèèrè kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú, ẹni tí ó sì ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò ní àyè láti dúró máa wo lẹbẹ. Kò yẹ kí a fi adé ìwà rere dé ẹnìkan lórí nítorí pé ó ní àkókò ìsinmi. Ṣùgbọ́n ìgbádùn lè gbé ènìyàn dé etí òkun ní ọjọ́ tí oòrùn ràn. Kò lè mú un kọ òdo ní ọjọ́ kẹtàlélógún tí òtútù ń mú un tí kò sì sí nǹkan. Owó náà kò lè ṣe é. Ẹni tí a ń sanwó fún láti rí nǹkan ní ìdí láti máa rí i. Bẹ́ẹ̀ ni olùyọ̀ǹda náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdẹwò tirẹ̀: ó wù ú kí ó jẹ́ ẹni tí ó rí, kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó dúró nígbà tí ìgbádùn, owó àti òkìkí bá ti yẹ̀ ni a ń wá nínú àpilẹ̀kọ yìí, a kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un ju ìwà ọmọlúàbí lọ, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti rẹ̀ ní ẹnu àwọn olóṣèlú wa.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa dídúró ní òkèèrè. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde láti Moray Firth ní ọdún 2015 fi hàn pé bí ọkọ̀ bá wà nítòsí, ìṣeéṣe pé àwọn dọ́lífìnì yóò máa wá oúnjẹ a máa dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ lépa wọn kí àwòrán rẹ̀ lè dára ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ó ní òun fẹ́ràn. Ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ gbà pé ohun tí ẹranko náà bá fi hàn án nìkan ni òun yóò rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Skọ́tlándì nìkan. Dọ́lífìnì kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní etíkun Áfíríkà tiwa, láti Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà títí dé Àngólà. Sousa teuszii ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti ara orúkọ Teusz, ẹni tí ó rí i ní Kamẹrúùnù; ọdún 1892 ni a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé. Iké kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí lẹbẹ rẹ̀ jókòó lé. Omi tí kò jìn, tí ó súnmọ́ ilẹ̀, ni ó fẹ́ràn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn apẹja ń na àwọ̀n wọn sí. Ní ọdún 2017, àjọ IUCN kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu àkúrun wọn le jù lọ. A gbà pé gbogbo èyí tí ó kù kò tó 3,000. Omi Nàìjíríà, ti Orílẹ̀-èdè Benin àti ti Tógò wà lára etíkun tí ó jẹ́ ibùgbé rẹ̀.

Bí ó ti súnmọ́ ilẹ̀ tó yìí, ẹranko tí a lè dúró ní etí òkun wò ni. Ta ni yóò dúró? Ẹnìkan ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ní Banc d'Arguin, ní Mauritáníà, àwọn apẹja Imraguen ti bá dọ́lífìnì pa ẹja pọ̀, àwọn ẹranko náà ń lé agbo ẹja bọ̀ láti inú omi, àwọn ènìyàn sì ń fi àwọ̀n dènà wọn ní ẹ̀bá ilẹ̀. Kò sí ìwé àkójọ tí ó kọ́ wọn. Ní gbogbo etíkun wa, apẹja tí ó ti ń jáde ṣáájú ìdájí láti ìgbà èwe rẹ̀ ti rí ohun tí oníwádìí kò ní rí nínú ọdún mẹ́wàá. Bí a bá lo òṣùwọ̀n tí a fi bẹ̀rẹ̀, apẹja ni ó mọ̀. Oníwádìí ni ó gbà gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé inú ìwé, ti apẹja á di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ti oníwádìí á sì di ìmọ̀. Àwa tí ń kọ́ni ní èdè ní ẹjọ́ láti jẹ́ lórí èyí, nítorí pé àwa ni a ń kọ́ ọmọ bí a ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ìyàtọ̀ ńlá kan sì wà láàárín ẹlẹ́rìí Chanonry Point àti ẹlẹ́rìí tiwa. Ẹni ti Skọ́tlándì ń ná àkókò rẹ̀ lórí òtítọ́. Bí ó bá sọ ohun gbogbo tí ó rí, kò sí ẹni tí yóò mú un. Dọ́lífìnì tí apẹja wa rí ní ojú kòró jù lọ ni èyí tí ó wọ inú àwọ̀n rẹ̀. Ní Gánà, àwọn oníwádìí ti ṣe àkọsílẹ̀ irú àwọn dọ́lífìnì tí ọkọ̀ apẹja ń gbé gúnlẹ̀. Wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n sì ń tà á. Níbi tí òfin bá dáàbò bo ẹranko náà, àwòrán tí apẹja bá fi òtítọ́ yà ni ẹ̀rí tí a lè fi mú un. Àwa ń sọ fún un pé kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tí ó wà láàyè àti èyí tí ó kú, nítorí pé àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀ sí apá kan kò wúlò. Ohun tí a ń sọ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní jìyà òtítọ́ ni ó ń sọ ọ́ fún ẹni tí yóò jìyà rẹ̀, a kò sì mọ orúkọ rere tí a lè fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kí a tó retí ìwà lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí, ìwà kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ń gba ẹ̀rí kọ́kọ́ hù: kí ó sọ ohun tí òun yóò fi ẹ̀rí náà ṣe, kí ó sì rí i dájú pé ẹni tí ó sọ òtítọ́ kò ní pàdánù àwọ̀n rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá gbé kámẹ́rà lọ bá apẹja ní etíkun Ìlàjẹ tàbí ní Grand-Popo, kí a má ṣe yà sí bí ó bá yí i ká lọ́wọ́, tí ó wò ó dáadáa, tí ó sì bi wá pé: "Bí mo bá ya èyí tí ó kú sínú àwọ̀n mi, ta ni ẹ óò fi í hàn?"